Ètò kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, kò rí sáfà láti ilé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akáùńtáǹtì Dúgbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́fíìsì wa wà ní Dúgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ọ̀gá ti ní kí àwa tó wà ní ẹ̀ka owó máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọkọ̀. Orí sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo wa ń kàn sí) tó wà nínú ọ́fíìsì ni ètò ìṣirò owó tí à ń lò wà. Ní Dúgbẹ̀, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti ṣí. Nílé mi ní Bódìjà, á yí, á yí, á wá ní òun ò rí sáfà. Bẹ́ẹ̀ WhatsApp ń lọ, YouTube ń lọ, lórí MiFi kan náà. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà ti fi VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó so ilé mọ́ ọ́fíìsì) sí i, ó sì ń kọ "Connected". Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń gbé ní Mọ́kọ́lá ń lo irú láàpútọ́ọ̀pù tèmi àti VPN kan náà, tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Òpin oṣù ti dé tán, inú ètò yìí sì ni ìwé owó oṣù gbogbo wa wà. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ kú làálàá. Ẹ má yọ ètò náà kúrò o, ẹ má sì tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ètò tó ṣiṣẹ́ ní Dúgbẹ̀ lánàá kò bàjẹ́ kó tó dé Bódìjà. Ọ̀nà tó wà láàárín ètò àti sáfà ló yí padà, ìpele mélòó kan ló sì wà lójú ọ̀nà náà: íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín, VPN, orúkọ sáfà, pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà lára sáfà) tí ètò ń lò, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tó kàn. Ọ̀kan nínú wọn ni kò jẹ́ kó kọjá. Iṣẹ́ wa ni ká mọ èyí tó jẹ́, ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ fún mi, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń sọ pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa", àmọ́ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ti sọ ibi tí àrùn wà, ẹni tí yóò kà á ni kò sí.

Tó bá ní "unknown host", tàbí "could not resolve", tàbí "server not found", a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ò tíì kúrò lójú kan. Orúkọ tí ẹ fún un ni kò mọ àdírẹ́sì rẹ̀.

Tó bá ní "timed out", ó mọ àdírẹ́sì, ó ti ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tó gbà kò débẹ̀, tàbí kí fáyáwọ́ọ̀lù (ètò aṣọ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ti gbé ìránṣẹ́ náà mì, tàbí kí wọ́n ti pa sáfà.

Tó bá ní "connection refused", ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ìránṣẹ́ yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà sì dáhùn pé kò sí iṣẹ́ kankan lórí pọ́ọ̀tù tí ẹ kàn sí. Ìṣòro yẹn sábà máa ń wà lọ́dọ̀ sáfà, kì í ṣe nílé yín. Bó bá sì jẹ́ "login failed" tàbí "access denied" ló kọ, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà ti là dé ibi ìwọlé. Ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí àṣẹ ìwọlé ni kí ẹ bi àwọn IT, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà.

Nísinsìnyí, pẹ̀lú VPN tó ti so, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig /all. Ẹ tẹ ping (àṣẹ tó ń bi ẹ̀rọ bóyá ó wà níbẹ̀) pẹ̀lú orúkọ sáfà, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ping pẹ̀lú nọ́ńbà àdírẹ́sì sáfà. Tí ẹ ò bá mọ nọ́ńbà náà, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí.

Ọmọ Adó-Èkìtì

Kí wọ́n tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá iná wà ní ọ́fíìsì. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ní aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí bátìrì á wá gbé sáfà díẹ̀ kó tó kú. Ẹni tó wà nílé, tó fẹ́ parí iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, á máa bá kọ̀ǹpútà jà, bẹ́ẹ̀ sáfà ti sùn. Ẹ fi fóònù pe ẹni tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì, kó bá yín wò ó bóyá iná ń tàn lára ẹ̀rọ náà. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀dọ̀ sáfà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ilé onítọ̀hún ni kí ẹ wò.

Akáùńtáǹtì Dúgbẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an mà. Ẹ ṣeun, ará Adó. Iná wà, mo ti pè wọ́n, àwọn tó wà ní Dúgbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ètò náà lọ́wọ́.

"Server not found" ló kọ. Orúkọ sáfà tó wà nínú ètò ni OWO-SAFA. Mo ping orúkọ yẹn, kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa ní nọ́ńbà rẹ̀ ni 192.168.8.20. Mo ping nọ́ńbà yẹn, ó kọ "Reply from 192.168.8.100: Destination host unreachable". Nínú ipconfig, mo rí i pé 192.168.8.100 ni kọ̀ǹpútà èmi fúnra mi. Níwájú Default Gateway, 192.168.8.1 ló wà níbẹ̀.

Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

A ti rí i. Ẹ tún ìlà yẹn kà: kọ̀ǹpútà yín ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ń wá 192.168.8.20 nínú ilé yín ní Bódìjà, kò rí i, ó wá ní kò sí nílé. Kò tilẹ̀ ronú láti fi ìránṣẹ́ náà sínú VPN rárá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àwọn àdírẹ́sì kan wà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ tipẹ́ fún ìlò inú ilé àti inú ọ́fíìsì: gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 172.16 dé 172.31, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ẹnikẹ́ni ló lè lò wọ́n láìgba àṣẹ, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan náà fi lè wà ní Dúgbẹ̀ kó sì tún wà ní Bódìjà. Ọ̀pọ̀ MiFi Huawei ló ń jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú 192.168.8.1. Àwọn ráútà míràn ń lo 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Ó jọ pé ráútà irú MiFi yín ni ọ́fíìsì yín fi bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò sì yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. MiFi ti ẹlẹgbẹ́ yín ní Mọ́kọ́lá á jẹ́ irú míràn. Nígbà tí nọ́ńbà ilé àti ti ọ́fíìsì bá dọ́gba, kọ̀ǹpútà á gbà pé ilé ni ohun tó ń wá wà.

Kí a tó yí ohunkóhun padà, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ pa Wi-Fi MiFi yẹn, ẹ tan hotspot fóònù, ẹ so VPN, kí ẹ tún ping nọ́ńbà sáfà. Hotspot iPhone máa ń fún kọ̀ǹpútà ní 172.20.10, ọ̀pọ̀ Android àtijọ́ sì máa ń fún un ní 192.168.43. Méjèèjì ò bá 192.168.8 jà. Tí sáfà bá dáhùn lórí hotspot, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ẹ wá ṣí 192.168.8.1 nínú ẹ̀rọ ìwáǹkan wẹ́ẹ̀bù yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lẹ́yìn MiFi wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DHCP sí, ẹ sọ 192.168.8.1 di 192.168.77.1. MiFi á kú á tún tan, ẹ ó sì tún Wi-Fi so.

Bọ̀ọ̀dá IT Yábàá

Òótọ́ ni màmá sọ. Mo fẹ́ bá ẹni tó ń tọ́jú ọ́fíìsì náà sọ̀rọ̀, nítorí kò yẹ ká máa lọ tún MiFi òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe. Ẹ yí nọ́ńbà ọ́fíìsì kúrò lórí 192.168.8, 192.168.0 àti 192.168.1. Ẹ yan nǹkan tí kò wọ́pọ̀, bíi 10.47.12. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ Sátidé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà àti ohun gbogbo tí ẹ fi nọ́ńbà sí lọ́wọ́ ló máa nílò àtúnṣe. Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ rántí pé àwọn tí yóò máa bá yín ṣiṣẹ́ láti ilé kò tíì tán.

Ẹ tún yẹ ojú ọ̀nà tí VPN ń fún kọ̀ǹpútà wò. Kí VPN kọ "Connected" túmọ̀ sí pé òpin méjèèjì ti mọ ara wọn, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé "ohun tó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, ibí ni kó gbà". Ẹ tẹ route print, kí ẹ wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wà nínú àkójọ náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, orí sáfà VPN ni ẹ ti máa tún un ṣe.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Kùtọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan tó wà l'Ékòó, mo sì máa ń sun hótẹ́ẹ̀lì gan-an. Wi-Fi hótẹ́ẹ̀lì máa ń so, àmì rẹ̀ á kún, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ohunkóhun kọjá títí ẹ ó fi tẹ nọ́ńbà yàrá tàbí kóòdù sí ojú ìwé ìwọlé wọn. VPN tó bá ń tan ara rẹ̀ ní kété tí kọ̀ǹpútà bá dìde kì í jẹ́ kí ojú ìwé yẹn yọ. Ẹ pa VPN ná, ẹ lọ sí neverssl.com, ojú ìwé hótẹ́ẹ̀lì á yọ, ẹ wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ tan VPN.

Àwọn hótẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń dí gbogbo pọ́ọ̀tù mọ́ yàtọ̀ sí ti wẹ́ẹ̀bù. VPN tó ń lo UDP 500 àti 4500, tàbí OpenVPN tó wà lórí UDP 1194, tàbí WireGuard lórí UDP 51820, kò ní lọ níbẹ̀ rárá. Ẹ ní kí IT yín ṣí ọ̀nà kejì sílẹ̀ lórí TCP 443, nítorí pọ́ọ̀tù wẹ́ẹ̀bù nìyẹn, wọn kì í sábà dí i.

Akáùńtáǹtì Dúgbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, nọ́ńbà ti dáhùn! Lórí hotspot ó dáhùn, mo wá yí MiFi sí 192.168.77.1, ó ń dáhùn lórí MiFi náà. Màmá, kí Ọlọ́run bù kún yín. Ṣùgbọ́n ètò náà ṣì ń kọ "server not found". Nọ́ńbà ń lọ, orúkọ ò lọ. Kí ló kù?

Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Àmín o. Ìpele kan ni a ti kọjá yẹn, ìpele orúkọ ló kàn. OWO-SAFA dà bí ìnagijẹ tí wọ́n ń pe èèyàn nínú agboolé. Nínú agboolé, ẹ pe "Bàbá Dúdú", ẹni tí ẹ ń wá á dáhùn. Ẹ dé ìgboro, ẹ ní ẹ ń wá Bàbá Dúdú, wọ́n á bi yín pé ta ni bàbá rẹ̀, agboolé wo ló ti wá. Nínú ọ́fíìsì, Windows lè kígbe orúkọ kúkurú yẹn sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí sáfà fúnra rẹ̀ dáhùn. Igbe yẹn kì í gba inú VPN kọjá. Láti ìta, orúkọ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ DNS (ẹ̀rọ tó ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní) ti ọ́fíìsì, kó sì jẹ́ orúkọ kíkún, bíi owo-safa pẹ̀lú orúkọ dòméènì ọ́fíìsì yín lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tẹ nslookup pẹ̀lú orúkọ kíkún náà. Ìlà àkọ́kọ́ á sọ fún yín DNS tó dáhùn. Tó bá jẹ́ DNS MiFi, kò ní mọ sáfà yín láéláé. Sáfà VPN ló yẹ kó fún kọ̀ǹpútà ní DNS ọ́fíìsì àti àfikún orúkọ dòméènì. Tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ẹ tẹ ipconfig /flushdns kó gbàgbé èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti fi 8.8.8.8 sí DNS láàpútọ́ọ̀pù yín. Wọ́n máa ń gba ara wọn nímọ̀ràn pé ó ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì yá. DNS Google ni 8.8.8.8, ó mọ gbogbo ayé, kò mọ sáfà inú ọ́fíìsì yín. Ẹ dá a padà sí "Obtain DNS server address automatically".

Ẹ tún wo VPN ọ̀fẹ́ tó wà lórí fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù yín. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dá Twitter dúró láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kìíní 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé irú VPN bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ wọn, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí VPN yẹn ń ṣe ni pé ó ń gbé yín jáde sí ìlú òkèèrè. VPN ọ́fíìsì ń gbé yín wọ inú ọ́fíìsì. Bí méjèèjì bá tàn pọ̀, wọ́n á jọ máa ja DNS àti ojú ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ yọ ti ọ̀fẹ́ kúrò.

Bọ̀ọ̀dá IT Yábàá

Bí òpin oṣù ṣe ń lé wọn yìí, ẹ lè fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ nínú ètò náà fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí IT kọ orúkọ àti nọ́ńbà sínú fáìlì hosts tó wà ní C:\Windows\System32\drivers\etc. Àtúnṣe onígbà kúkurú ni o. Ọjọ́ tí wọ́n bá yí nọ́ńbà sáfà padà, ẹ̀yin nìkan ni kò ní rí i, kò sì sẹ́ni tí yóò rántí ìdí rẹ̀.

Fún pọ́ọ̀tù, ẹ ṣí PowerShell, ẹ tẹ Test-NetConnection 192.168.8.20 -Port 1433 tó bá jẹ́ dátábéèsì SQL Server ni ètò yín ń lò. MySQL ń lo 3306, PostgreSQL ń lo 5432. Tó bá kọ TcpTestSucceeded: True, ọ̀nà ti là. Bí ping bá lọ tí èyí sì jẹ́ False, fáyáwọ́ọ̀lù sáfà ló sábà máa ń fà á: ó gba àwọn tó wà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì láyè, kò tíì gba nọ́ńbà àwọn tó wá láti VPN. Ẹ̀yin IT tí ẹ ń lo SQL Server tó ní orúkọ instance (ẹ̀dà SQL Server kan tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí sáfà), ẹ rántí UDP 1434. Ibẹ̀ ni ètò ti ń béèrè pọ́ọ̀tù tí instance náà wà. Bí ẹ bá ṣí 1433 tí ẹ gbàgbé 1434, ẹ ó rí àṣìṣe tí yóò dà bíi pé sáfà ò sí.

Ayàwòrán-ilé Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Ètò tí à ń fi ya àwòrán ilé kì í gba fáìlì lọ́wọ́ sáfà, láíséǹsì (àṣẹ láti lo ètò náà) ló ń gbà. Ó ń ṣí ní ọ́fíìsì, ó ń kọ̀ láti ṣí ní sáìtì tí à ti ń kọ́lé. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Bọ̀ọ̀dá IT Yábàá

Ọ̀nà kan náà ni, sà, ṣùgbọ́n tiyín ní ìdẹkùn tirẹ̀. Bó bá jẹ́ FlexLM, ètò tó ń pín láíséǹsì, ni, sáfà láíséǹsì máa ń jókòó sórí pọ́ọ̀tù kan láàárín 27000 sí 27009, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ètò náà ń lò, èyí tó lè mú pọ́ọ̀tù míràn ní gbogbo ìgbà tí sáfà bá tún tan. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Kí IT kọ nọ́ńbà pọ́ọ̀tù kejì yẹn mọ́lẹ̀ nínú fáìlì láíséǹsì, kí wọ́n sì ṣí méjèèjì nínú fáyáwọ́ọ̀lù.

Fún sáìtì tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, ẹ béèrè bóyá láíséǹsì yín gba yíyá. Ẹ ó yá a nígbà tí ẹ ṣì wà ní ọ́fíìsì, ẹ ó fi ọjọ́ ìdápadà sí i, ètò á máa ṣí láìbi sáfà títí ọjọ́ yẹn. Ẹ má yá a fún àkókò tó gùn ju bí ẹ ṣe nílò rẹ̀ lọ, torí ẹlẹgbẹ́ yín ò ní rí i lò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń bá ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó ṣe ìwé owó. Fáyáwọ́ọ̀lù lè máa dí gbogbo àdírẹ́sì tí kì í ṣe ti Nàìjíríà. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn odi, ẹ bi wọ́n nípa èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú láàpútọ́ọ̀pù.

Èkejì: bí dátábéèsì yín bá wà lórí kíláòdù (sáfà tí ẹ yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì), wọ́n lè ti kọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì nìkan sínú ìwé àwọn tó lè wọlé. Àdírẹ́sì ilé yín máa ń yí, ti fóònù tún burú jù, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pín àdírẹ́sì kan láti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ fóònù. Kò sí bí ẹ ṣe lè máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba VPN wọ ọ́fíìsì, kí ìrìnàjò wọn sí dátábéèsì sì gba àdírẹ́sì ọ́fíìsì jáde.

Ẹ̀kẹta ni aago. Nígbà òtútù, aago Èkó fi wákàtí kan ṣíwájú ti Lọ́ńdọ̀nù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n dọ́gba. Bí ẹ bá rin ìrìnàjò, àgbègbè aago ni kí ẹ yí, ẹ má fi ọwọ́ yí aago fúnra rẹ̀. Ìwọlé Windows sí dòméènì kì í gbà kí aago kọ̀ǹpútà àti ti sáfà fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yàtọ̀ síra, bí wọn ò bá ti yí iye yẹn padà. Ẹni tó fi ọwọ́ yí aago ti yẹ wákàtí kan, wọ́n á sì máa sọ fún un pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé.

Ọmọ Adó-Èkìtì

Kí ni gbogbo wàhálà VPN yìí fún? Ẹ ní kí wọ́n ṣí pọ́ọ̀tù 3389 lórí ráútà ọ́fíìsì, kí wọ́n gba Remote Desktop (èyí tí a fi ń lo kọ̀ǹpútà kan láti ibòmíràn) wọlé tààrà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Rárá o, ọmọ mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi ṣí i, àwọn ẹ̀rọ tó ń wá irú pọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ kiri ayé á ti rí i, wọ́n á máa dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò tọ̀sántòru. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Microsoft ní láti ṣe àtúnṣe fún àlàfo kan nínú Remote Desktop tí wọ́n pè ní BlueKeep, èyí tí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan lè gbà wọlé. Wọ́n tilẹ̀ ṣe é fún Windows XP tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Bákan náà ni pọ́ọ̀tù 445 tí à ń fi pín fáìlì: ibẹ̀ ni WannaCry gbà tàn káàkiri ní oṣù Karùn-ún 2017. 1433 àti 3306 náà ò gbọ́dọ̀ dojú kọ ìta.

Owó oṣù àwọn èèyàn ló wà nínú ètò yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà báńkì wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ọrùn ilé iṣẹ́ sì ni ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ wà. Remote Desktop dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú VPN ni kó máa gbà.

Ọmọ Adó-Èkìtì

Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tiwa ò ní fáíbà, ráútà 4G la fi ń ṣe é. VPN gan-an ò wọlé láti ìta.

Bọ̀ọ̀dá IT Yábàá

Ẹ wo nọ́ńbà WAN (àdírẹ́sì tí ilé iṣẹ́ fóònù fún ráútà) lójú ìwé ráútà yín. Tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, ẹ wà lẹ́yìn àdírẹ́sì tí ilé iṣẹ́ fóònù ń pín fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ lè jáde, ẹnikẹ́ni ò lè wọlé tọ̀ yín wá. Ṣíṣí pọ́ọ̀tù lórí ráútà yín ò ní ràn yín lọ́wọ́, 3389 tí ẹ dárúkọ náà ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ lo irú VPN tí òpin méjèèjì ti ń jáde lọ pàdé ara wọn, bíi Tailscale tàbí ZeroTier, tàbí kí ẹ gba sáfà kékeré kan lórí kíláòdù tí ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́ yóò jọ so WireGuard mọ́.

Akáùńtáǹtì Dúgbẹ̀

Ètò ti ṣí! 8.8.8.8 ni mo bá lórí Wi-Fi mi lóòótọ́, mo yọ ọ́, IT sì ti mú kí VPN máa fún wa ní DNS ọ́fíìsì. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ mú ìwé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ jáde, ó ń dì, á wá já. Àwọn nǹkan kéékèèké ń lọ geere.

Bọ̀ọ̀dá IT Yábàá

Ẹ kú oríire! Kékeré ń lọ, ńlá ń dì: ẹ yẹ MTU wò. MTU ni ìwọ̀n ẹrù tó pọ̀ jù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń jẹ́ báìtì 1500, VPN sì máa ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ping -f -l 1400 pẹ̀lú nọ́ńbà sáfà. Tí kò bá lọ, ẹ máa dín 1400 kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ. Ẹ fi 28 kún nọ́ńbà tó lọ, ẹ fún IT yín, òun ni wọ́n á fi sí MTU VPN.

Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú bóyá fáìlì ni ètò náà ń ṣí tààrà lórí fódà tí wọ́n pín, irú èyí tí ètò Microsoft Access máa ń ṣe, tàbí dátábéèsì gidi ló ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ fáìlì, ẹ má lò ó báyìí láti ilé mọ́. Gbogbo fáìlì ló ń gba inú VPN kọjá síwá sẹ́yìn, bí MiFi bá sì já láàárín kíkọ, fáìlì náà lè bàjẹ́ fún gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ fún yín ní Dúgbẹ̀, kí ẹ gba VPN, kí ẹ fi Remote Desktop wọ orí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ètò níbẹ̀. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò máa kọjá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ètò á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ ní Dúgbẹ̀, ẹ ó sì bá a níbi tí ẹ fi í sí.

Akáùńtáǹtì Dúgbẹ̀

Fáìlì ni mà, IT ti sọ bẹ́ẹ̀. A ti ń lo Remote Desktop báyìí, ìwé owó oṣù ti jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ Print nílé, Dúgbẹ̀ ni ìwé náà ń jáde sí, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí owó oṣù ara wọn.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ pe ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán kó lọ kó ìwé yẹn kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní kíá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó so Remote Desktop, ẹ tẹ Show Options, ẹ lọ sí Local Resources, ẹ fi àmì sí Printers. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé yín á yọ nínú àkójọ pẹ̀lú "redirected" lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Òun ni kí ẹ yàn. Tí kò bá sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé, ẹ yan Microsoft Print to PDF, kí ẹ fi fáìlì náà pamọ́ sínú fódà tiyín.